Bàbá Èènì, Ẹni Tí Kì í Jẹ́ Kí Kásẹ́ẹ̀tì Parí Lófìfo

Ọdún 1945 ni wọ́n bí Bàbá, nínú yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, lókè ibi tí bàbá tiwọn ti ń kan àga àti ibùsùn. Ìdílé káfíńtà ni. Bàbá wọn kan igi, bàbá-bàbá wọn kan igi, kò sì sí ẹni tó rò ó ní ẹ̀ẹ̀mejì pé ọmọkùnrin tuntun yìí náà yóò di òòlù mú. Búrẹ́dì ni ìyá wọn ń ṣe. Àwọn tó mọ ilé náà máa ń sọ pé òórùn búrẹ́dì gbígbóná àti ti pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ló ń pàdé àlejò lójú àtẹ̀gùn. Bàbá ni àbíkẹ́yìn, obìnrin sì ni àwọn mẹ́rin tó ṣáájú wọn. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi mọ irun dì dáadáa, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níta gbọ́ ọ rí, ìdílé sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn pé àṣírí náà tú lónìí.

Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ló ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwọn. Òun nìkan ló ní rédíò ní gbogbo ilé náà. Rédíò onígi ńlá ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Bàbá nígbà yẹn. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kì í sọ̀rọ̀ tó já gaara àfi bí ènìyàn bá di waya ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Gbogbo ọmọ ilé ló gbìyànjú rẹ̀, ọwọ́ Bàbá ni rédíò náà gbà. Láti ìgbà náà, nírọ̀lẹ́, tí àwọn àgbàlagbà bá jókòó láti gbọ́ ìròyìn àti eré, ẹ̀yìn rédíò ni Bàbá máa ń dúró sí, waya lọ́wọ́. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n wọ́n tí wọ́n sì sá jáde, ìròyìn á di kíkùn, àwọn àgbà á sì figbe ta. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n nígbà náà ni Waya. Bàbá máa ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti mọ ohun tí ohùn lè ṣe fún ènìyàn, torí pé ojú àwọn tó ń gbọ́ nìkan ni àwọn ń rí.

Bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952. Wọn kò ṣe ipò kìíní rí, wọn kò sì gbẹ́yìn rí, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá wọn ti gbẹ́ òòlù kékeré kan dè wọ́n. Bàbá gba òòlù náà, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní iṣẹ́ rédíò ni àwọn fẹ́ kọ́. Káfíńtà kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá parí iṣẹ́ kíkọ́ tí wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní ọdún 1969, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá wọn dé pẹ̀lú pákó léjìká, tí kò sì kí ẹnikẹ́ni. Òun ló kan gbogbo pẹpẹ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, láti ilẹ̀ dé àjà. Títí di òní, kò sí ọ̀kan tó mì nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ládùúgbò yẹn kò ní gbàgbé ṣọ́ọ̀bù náà. Kò fẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wọlé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Àwo orin ló bo ògiri, sípíkà ńlá kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sí títì. Orin tí Bàbá bá fi sí i láàárọ̀ ni gbogbo àdúgbò á máa kọ di alẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọge ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ orin tuntun, tí wọ́n á máa ṣe bí ẹni tó ń dúró de ẹnìkan. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń kọ́ ijó tuntun níwájú gíláàsì ilé onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, onígbàjámọ̀ á sì máa lé wọn pé wọ́n ń dí òun lójú. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, iṣẹ́ Bàbá di ńlá. Ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wá, ẹ sọ orin tí ẹ fẹ́, Bàbá á gbà á sínú rẹ̀ látorí àwo. Ìwọ̀nba ni ilé tí kò ní kásẹ́ẹ̀tì tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan sí lára, ọwọ́ tí kò dára rárá, tí ẹlòmíràn rò pé èdè àjèjì ni.

Ọdún 1973 ni Ìyá wọlé. Aránṣọ ni Ìyá, ìjà ni wọ́n sì bá wá. Bàbá ti gba orin kan fún wọn, orin náà sì já lágbede méjì nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì parí. Bàbá bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún un gbà. Ní ọjọ́ kẹta Ìyá tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí orin pé, ṣùgbọ́n àyè ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀.

“Òfìfo wo lẹ tún gbà fún mi síbí?” Ìyá ní. “Mo jókòó tì í, mo ń retí, mo ń retí, kò sí nǹkan kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe èèyàn ni?”

Bàbá gba kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n gbé makirofóònù, wọ́n sì sọ̀rọ̀ kún àyè tó kù níṣojú Ìyá. Wọ́n kí Ìyá. Wọ́n bẹ Ìyá. Wọ́n ka orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn tí téèpù kò sì tíì tán, wọ́n bèèrè bóyá Ìyá ti ní àfẹ́sọ́nà. Ìyá sọ fún àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn náà pé àwọn kò dáhùn níbẹ̀, pé ilé ni àwọn ti gbọ́ ọ tán kí àwọn tó mọ ohun tí àwọn máa sọ. Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún náà tó parí. Ìyá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, wá síwájú ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rán aṣọ títí wọ́n fi kú.

Bí èènì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, Bàbá kò jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì kankan jáde pẹ̀lú òfìfo nídìí. Bí orin bá ti tán, wọ́n á yí bọ́tìnnì sí makirofóònù tó rọ̀ sára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì jẹ́ kí ó gba ohunkóhun tó bá ń ṣẹlẹ̀ títí téèpù á fi parí. Ohun tí ẹ óò gbọ́ lè jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ tó ń ké, onígbàjámọ̀ tó ń jiyàn bọ́ọ̀lù láti òdìkejì títì. Ìyá ló kọ́kọ́ pe ọkọ wọn ní Bàbá Èènì, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn débi pé àwọn kan tó wà níbí lónìí kò mọ̀ pé wọ́n ní òmíràn. Àwọn oníbàárà tí kò wọ ilé wọn rí mọ ìgbà tí àkọ́bí hu eyín. Ìjà tọkọtaya kan tilẹ̀ bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì orin ìsìn, ẹni tó rà á sì wá parí ìjà náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí àwọn tó jà ti gbàgbé ohun tó fà á.

Ọ̀gá ilé ìwé kan wà tó fi kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ fún àwọn àlejò pàtàkì. Orin tán, gbogbo wọn ń mi orí, ni ohùn Ìyá bá jáde: “Ọ̀gá ilé ìwé mà ò tíì wá gbé aṣọ ẹ̀ o. Látìgbà wo? Ṣé kí n máa wọ̀ ọ́ lọ ni?” Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọ̀gá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lẹ́yìn náà, òun ló sì bá ìdílé yìí tọ́ ọmọ kejì dé ilé ìwé gíga.

Bàbá kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ wọn, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Láti ọdún 1976 ni ẹ̀rọ makirofóònù ìjọ ti wà lọ́wọ́ wọn, igun ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ni wọ́n sì ń jókòó sí, ọwọ́ lórí bọ́tìnnì. Bí ìwàásù bá gùn jù, àwọn kan ní ohùn oníwàásù máa ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Bàbá kò gbà, wọn kò sì sẹ́. Ládùúgbò, àwọn ni wọ́n ń gbé tẹlifíṣàn síta fún gbogbo ayé tí bọ́ọ̀lù ńlá bá wà. Àwọn ni wọ́n ń gba ohùn àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà lókè òkun sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́. Àwọn ìyá yẹn á jókòó síwájú makirofóònù, wọ́n á gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n á sì bú sẹ́kún. Bàbá kì í pa á. Wọ́n ní ẹkún náà wà lára ohun tí ọmọ nílò láti gbọ́.

Ní ọdún 1992, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ mú Ìyá lọ. Àkọ́bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, àbíkẹ́yìn kò sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ láti wá ohùn Ìyá. Wọ́n yẹ gbogbo pẹpẹ wò. Kásẹ́ẹ̀tì ilé ni Bàbá fi máa ń dán ẹ̀rọ wò, wọ́n sì ti gba nǹkan lé e lórí léraléra títí kò fi sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́. Èènì, àwọn oníbàárà ló ń gbé e lọ. Ohùn Ìyá wà nílé gbogbo ènìyàn, kò sí nílé tiwọn.

Bàbá bèèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà díẹ̀. Onígbàjámọ̀ yẹ àpótí tirẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Àwọn mìíràn ti gba orin mìíràn lé tiwọn, ojú sì tì wọ́n láti sọ ọ́. Nígbà tí Bàbá rí i pé ìbéèrè náà ń ba àwọn ènìyàn lọ́kàn jẹ́, wọ́n dákẹ́, wọn kò sì sọ fún ẹnì kankan pé àwọn ṣì ń wá a.

Ayé sì ń lọ. Síídì dé, ó gbayì, ó lọ. Fóònù dé, ó gbé gbogbo orin ayé mì. Ẹni tó máa ń fi bírò yí kásẹ́ẹ̀tì padà ní ọjọ́sí ti di ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń fi bírò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Sípíkà ẹnu ọ̀nà dákẹ́. Àwọn ọmọge àná di ìyá àgbà, wọ́n ń kọjá lọ pẹ̀lú nǹkan létí, olúkúlùkù ń gbọ́ tirẹ̀. Bàbá ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á nu àwọn àwo, wọ́n á jókòó. Wọ́n kọ pátákó kan síwájú ibẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ mọ̀ yẹn: Ẹ MÚ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ ÀTIJỌ́ YÍN WÁ, A Ó TÚN UN ṢE LỌ́FẸ̀Ẹ́. Àwọn ọmọ wọn rò pé agídí ni. Ọmọ kẹta, awakọ̀, sọ̀rọ̀ dé ibi pé wọ́n fẹ́ kú sínú eruku. Bàbá ní eruku kò pa ẹnikẹ́ni rí nídìí iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà ni etí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ti òsì ló kọ́kọ́ di. Àkọ́bí mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà sì sọ pé ti ọ̀tún náà ń bọ̀ lẹ́yìn, kò ní pẹ́. Àkọ́bí sọ fún ìdílé ohun tí Bàbá sọ nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

“Ohùn ìyá yín ni mò ń wá,” Bàbá ní. “Látọjọ́ yìí. Kí ẹnì kan ṣáà mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn, ibo ni wọ́n á mú un wá? Mi ò sì fẹ́ kí etí yìí di kí n tó gbọ́ ọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ọmọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wá a. Wọ́n kéde lórí Wásáàpù, wọ́n kan ilẹ̀kùn àwọn oníbàárà àtijọ́. Àwọn ènìyàn mú tiwọn wá, èyí tó ti hu èbu, èyí tí ọmọdé ti fa téèpù inú rẹ̀ yọ. Nínú ọ̀kan, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló sọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀dá kan tó fọhùn. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin.

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn,” wọ́n ní. Wọ́n sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ọdún tó kọjá ni onígbàjámọ̀ pinnu láti ti ilé ìgẹrun rẹ̀ pa. Bó ṣe ń kó ẹrù síta ni ó débi àpótí tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó lé lórí àga kí orí wọn lè ga tó ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àpótí. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá kan ni, tó bàjẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1987, tí onígbàjámọ̀ sì rán tìmùtìmù mọ́ lórí. Bàbá fúnra wọn ni ó gbé e lọ bá nígbà náà, Bàbá ló sì wò ó tí wọ́n sọ pé, “Èyí ti kú. Lọ ra òmíràn.” Gbogbo ọmọkùnrin ìdílé yìí ló ti jókòó lé e, tí wọ́n ti sunkún lórí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbé e, ó gbọ́ pé nǹkan kan ń mì nínú rẹ̀. Ó rántí pátákó tó wà ní òdìkejì títì. Ó sọdá.

Bàbá gbé rédíò náà ka orí tábìlì, wọ́n tú u. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló há síbẹ̀. Ibi tó há sí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i gba orin mìíràn lé e. Bàbá yọ téèpù rẹ̀, wọ́n na ibi tó ká jọ, wọ́n sì yí i sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ, gbogbo wọn sì pé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù. Bàbá gbé etí ọ̀tún lé sípíkà.

Orin ijó àtijọ́ ni, èyí tí gbogbo àdúgbò ti jó rí, ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀ sì ń lọ láìmọ̀. Orin náà tán. Bọ́tìnnì dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ sáré díẹ̀, ó dúró. Ohùn kan sì jáde, ohùn ọ̀dọ́, tó ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Èènì, ẹ pa nǹkan yẹn, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ilẹ̀ ti ṣú.”

Ohùn ọkùnrin dáhùn láti òkèèrè: “Mò ń bọ̀. Ó ku díẹ̀.”

“Ó ku díẹ̀! Ojoojúmọ́ ló ń ku díẹ̀. Ọjọ́ wo ni díẹ̀ yín yìí máa tán?”

Téèpù parí síbẹ̀. Àbíkẹ́yìn, tí kò rántí ohùn Ìyá rárá, ló kọ́kọ́ figbe ta. Bàbá kò gbé etí kúrò. Wọ́n ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n tún gbọ́ ọ. Nígbà tó yá wọ́n dìde, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n yọ pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fún awakọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Wọn kò ṣí ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí etí ọ̀tún di pátápátá ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, tí àwọn ènìyàn ń kẹ́dùn, Bàbá ní, “Èyí tí mo fẹ́ gbọ́, mo ti gbọ́ ọ.”

Bàbá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, lórí àga tí bàbá wọn kàn, wọn kò sì jí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni àkọ́bí wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì. Ọmọ kejì, olùkọ́. Ọmọ kẹta, awakọ̀. Àti àbíkẹ́yìn, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tó ti kó kásẹ́ẹ̀tì náà sínú fóònù gbogbo ẹbí. Wọ́n fi àwọn ìyàwó ọmọ àti ọkọ ọmọ sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, pẹ̀lú èyí tó kéré jù tó ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì lójú bí ẹni ń tẹ fóònù, tó sì ń bínú pé kò tàn. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan sílẹ̀, ẹni tó ní kí a kọ ọ́ pé òun ló kọ́ wọn ní irun dídì. Wọ́n fi onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ wọn, sílẹ̀.

Ìdílé ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ wá pé bí a bá ti ń gbé Bàbá jáde, orin ijó kan yóò dún. Ẹ má ṣe rò pé àṣìṣe ni. Bí ẹsẹ̀ yín bá fẹ́ jó, ẹ jẹ́ kó jó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè túká nígbà tí orin bá tán, nítorí pé èènì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Èènì, ẹ kú iṣẹ́. Díẹ̀ yín yẹn ti tán wàyí. Ẹ pa á, ẹ máa lọ sílé. Ẹni tó pè yín ti ń dúró láti ọjọ́ pípẹ́, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ẹ sùn, kí ẹ sun oorun ayọ̀.